Àlùbọ́sà Inú Kókó Ẹ̀gúsí

Nínú ilé wa ní Ìlobùú, títí di òní tí èmi náà ti di ìyá àgbà, àwọn kan ṣì wà tí wọn kì í pè mí ní Sikirá lásán. Sikirá Alálùbọ́sà ni wọ́n ń pè mí. Àwọn ọmọdé ilé náà, tí wọn kò bá ọ̀rọ̀ yìí níbẹ̀ rárá, á kúnlẹ̀ dáadáa, wọn á ní, "Ẹ káàárọ̀, mà, Ìyá Alálùbọ́sà," wọn á sì máa rẹ́rìn-ín sínú. Mo máa ń dá wọn lóhùn. Mo máa ń bi wọ́n bóyá wọ́n ti jẹun. N kò ṣàlàyé orúkọ náà fún ẹnikẹ́ni rí, nítorí pé mo ṣe ìlérí kan nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, ẹni tí mo ṣe é fún kò sì sí láyé mọ́ láti tú mi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti ń dàgbà, eékún mi kò gbà mí láyè láti máa kúnlẹ̀ kírun bíi ti àtijọ́, kò sì wù mí kí ọ̀rọ̀ náà bá mi wọlẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe jókòó láti kọ ọ́.

Ilé wa kò tóbi. Yàrá mẹ́fà ló yí àgbàlá kan ká, kànga wà láàárín, ilé ìdáná wà lẹ́yìn, níbi tí igi máńgòrò kan ti ń da ewé sínú gbogbo ohun tí a bá gbé sílẹ̀ láìdé. Àwa mẹ́sàn-án là ń gbé ibẹ̀: Ìyá Àgbà, tí í ṣe ìyá bàbá mi, Bàbá Múfú, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn méjì, bàbá mi, ìyá mi, èmi, àti Wàsíù àbúrò mi. Ìró ọlọ ló máa ń jí mi. Lẹ́yìn ìrun àárọ̀, bí ojú ọjọ́ bá ṣe ń là, ọlọ Ìyá Àgbà á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, a ó sì ti mọ̀ láti orí ẹní bóyá ata ni tàbí ẹ̀gúsí. Ti ata máa ń dún pẹ̀lú omi. Ti ẹ̀gúsí á kọ́kọ́ máa dún gbígbẹ, yóò wá máa wúwo díẹ̀díẹ̀ bí òróró rẹ̀ bá ṣe ń jáde. Bí mo bá ti gbọ́ ti ẹ̀gúsí, wọn kì í pè mí lẹ́ẹ̀mejì. Mo máa ń sáré lọ fọwọ́, mo máa ń jókòó síwájú Ìyá Àgbà, màá sì máa retí kí ó sọ̀rọ̀ sí mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin náà kì í yin ènìyàn. Bí o bá gbálẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń dán, bí o bá pọn omi kún gbogbo ìkòkò, ohun tí yóò sọ kò ju "Kò burú" lọ. A ti mọ̀ pé bí ó bá ti sọ ọ́, inú rẹ̀ dùn dé òkè nìyẹn.

Ọbẹ̀ tí mò ń sọ kì í ṣe irú ẹ̀gúsí tí wọ́n ń dà sínú omi gbuurugbu lóde òní. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí oníkókó ni. A ó bó ẹ̀gúsí lọ́wọ́, a ó fẹ́ ẹ, a ó ṣa èyí tó bà jẹ́ kúrò, Ìyá Àgbà á sì lọ̀ ọ́ ní gbígbẹ. Yóò dá ìdajì sọ́tọ̀ fún kókó. Yóò fi iyọ̀, ata gbígbẹ, àti irú tí a gún sí i, yóò sì máa pò ó lọ́wọ́, kò ní bu omi sí i ju kí ó kàn mọ́ra lọ. Yóò pò ó títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á fi máa dán. Ìgbà náà ni yóò gbé abọ́ náà fún àwa ọmọdé, nítorí pé ọwọ́ wa kéré, a ó sì máa ṣù ú ní róbótó-róbótó, bí ẹyin ẹyẹlé. Nígbà tí epo, ata àti ẹja gbígbẹ bá ń hó nínú ìkòkò, a ó fi kókó náà sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó dé e. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi ṣíbí kàn án títí kókó á fi le. Ẹni tí kò bá ní sùúrù, tó bá rò ó kí ó tó tó àkókò, gbogbo rẹ̀ á fọ́, a ó sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ títí oṣù á fi parí. Ọjọ́ kan ni mo dán an wò. N kò dán an wò mọ́.

Kókó kan fún orí kan ni òfin ilé wa. Ìyá Àgbà kì í jẹ́ kí a ṣù ju iye ènìyàn lọ, kì í sì í jẹ́ kí a dín in. Bí ẹnì kan bá rìnrìn àjò, a kò ní ṣu tirẹ̀. Bí àlejò bá wà nílé, a ó ṣu tirẹ̀ kún un. Òun fúnra rẹ̀ ló ń bu ọbẹ̀, bó bá sì ti ń bù ú ni yóò máa fojú kà á. Mẹ́sàn-án ni wá, ṣùgbọ́n mẹ́wàá ni mo mọ̀ pé à ń ṣù, nítorí pé ọjọ́ ọjà ni a sábà máa ń se ọbẹ̀ náà, ọjọ́ ọjà sì ni Ìyá Ìfọ́n máa ń wá.

Ìyá tó bí ìyá mi ni Ìyá Ìfọ́n. Láti Ìlobùú sí Ìfọ́n kò jìnnà. Ẹni tó jẹ́ àlejò kò lè mọ ibi tí ilẹ̀ ọ̀kan ti parí tí ti èkejì ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn gan-an ló sì ń fa wàhálà. Ìyá mi nìkan ni ó bí, nítorí náà bó bá ti ta ohun tó gbé wá sí ọjà, yóò yà sílé wa, yóò jókòó sábẹ́ máńgòrò, òun àti Ìyá Àgbà á sì bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn wọn. Orí àlùbọ́sà ni àríyànjiyàn náà máa ń dá lé. Ní Ìfọ́n, ìyẹn nínú ilé tiwọn, wọ́n máa ń gé àlùbọ́sà wẹ́wẹ́ sínú kókó kí wọ́n tó ṣù ú. Ìyá Àgbà kò fẹ́ gbọ́ ọ.

Ìyá Ìfọ́n á ní, "Àna mi, ọbẹ̀ yìí dùn o. Àlùbọ́sà ló kù sí i."

Ìyá Àgbà á ní, "Ẹni tí ẹ̀gúsí ẹ̀ ò bá dáa ló ń wá àlùbọ́sà kiri."

"Ẹ dán an wò lẹ́ẹ̀kan péré."

"Tí mo bá fi sí i, ẹ pe àwọn ọmọ mi kí wọ́n wá wò mí, ara mi ò yá nìyẹn."

Wọn á rẹ́rìn-ín, Ìyá Ìfọ́n á jẹ kókó tirẹ̀ tán pátápátá, yóò sì lá ọwọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé ìyá mi wọlé ni wọ́n ti wà lẹ́nu rẹ̀. Èmi rò pé bí gbogbo àna ṣe máa ń kí ara wọn nìyẹn.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ dé. N kò mọ ẹni tó jẹ̀bi nígbà náà, n kò sì mọ̀ ọ́n títí di òní. Àwọn tó mọ̀ ọ́n pọ̀, ohun tí wọ́n mọ̀ ni kò bára mu. Ohun tí ọmọdé rí ni pé mọ́tò kò gba ọ̀nà Ìfọ́n mọ́, àwọn ọkùnrin ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ọjà dá páro, a kò sì rí Ìyá Ìfọ́n mọ́. Wọ́n jó abà oko Bàbá Múfú pẹ̀lú gbogbo iṣu tó wà níbẹ̀. Bàbá Múfú kì í ṣe ènìyàn burúkú. Òun ló máa ń gbé mi sọ́rùn lọ sí yídì, òun ló sì máa ń bá mi bu ẹran kún tèmi bí kò bá sí ẹni tó ń wò. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí iṣu rẹ̀ ti jóná ni kò ti jẹ oúnjẹ ìyá mi mọ́. Bó bá kan ìyá mi láti se oúnjẹ ilé, Bàbá Múfú á ní kí ìyàwó òun tẹ ẹ̀bà fún òun lọ́tọ̀. Ìyá mi á gbé abọ́ rẹ̀ síwájú rẹ̀, yóò kúnlẹ̀, yóò ní, "Ẹ wá jẹun, sà." Bàbá Múfú á ní òun ti yó. Ìyá mi á tún gbé abọ́ náà padà. Mo ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe ń lọ, ó ń dùn mí, n kò mọ ohun tí mo lè ṣe sí i.

Obìnrin kan tó ń ta ẹja gbígbẹ láti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ló wá sọ fún ìyá mi pé Ìyá Ìfọ́n ṣubú nídìí kànga, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kò lè dìde. Ìyá mi kò sunkún lójú wa. Ó kàn ń fọ aṣọ tó ti fọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ náà, Bàbá Múfú pe ìpàdé sí iwájú yàrá Ìyá Àgbà. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní kí ìyàwó Sùlè padà lọ sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ títí ọ̀rọ̀ á fi rọlẹ̀, kí ó fi àwọn ọmọ sílẹ̀. Sùlè ni bàbá mi. Bàbá mi tẹ orí ba, àbúrò ni, kò mọ bí wọ́n ṣe ń já ẹ̀gbọ́n lẹ́nu. Ohun tí ó sọ ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká ní sùúrù." Ìyá Àgbà ń fa tẹ̀sùbáà rẹ̀, kò gbójú sókè. Nígbà tí ó sọ̀rọ̀, ó ní, "Mo ti gbọ́. Tẹ́ ẹ bá ti kírun Jímọ̀ọ̀ tán, màá dá yín lóhùn." Mo ka ọjọ́ lórí ìka: ọjọ́ mẹ́ta ni ìyá mi kù nílé. N kò lè sọ fún Wàsíù, nítorí pé ó kéré, yóò sì pariwo.

Ní ọjọ́ kejì, ó kan ìyá mi láti se ọbẹ̀, ó sì pinnu láti se ẹ̀gúsí oníkókó, bóyá nítorí pé ó rò pé ó lè jẹ́ ìgbẹ̀yìn. Èmi ni mo ṣù ú. Ọkàn mi kò sí lára iṣẹ́ náà rárá, ìka mi ló ń ṣe é fúnra rẹ̀. Nígbà tí ọbẹ̀ jinná, Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í bù ú bí ìṣe rẹ̀, abọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán kún, ó wo inú ìkòkò, ó dúró. Kókó kan ṣẹ́kù.

"Ta ni ò tíì gba tiẹ̀?" ni ó bi wá.

Gbogbo wa wo abọ́ wa. Ìgbà náà ni mo mọ ohun tí mo ṣe, ẹnu mi sì ti là kí n tó rántí pé ó yẹ kí n pa á dé. Mo ní, "Ti Ìyá Ìfọ́n ni, mà. Mo ṣèèṣì ka wọ́n mọ́ wa."

Bàbá Múfú pòṣé, ó ní, "Gbé e fún ajá." Ìyá mi dìde, ó gba ẹ̀yìn ilé ìdáná lọ, a sì gbọ́ bí ó ṣe ń sunkún níbẹ̀, ẹkún tó ti ń gbé mì láti ọjọ́ yìí wá. Mo rò pé èmi ni mo ti parí ọ̀rọ̀ náà, pé bóyá wọn kò ní dúró di Jímọ̀ọ̀ mọ́. Ìyá Àgbà kò bá mi wí. Ó bu kókó náà sínú abọ́ kékeré kan, ó bu ọbẹ̀ lé e, ó fi àwo dé e, ó gbé e wọ yàrá rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo gbọ́ ìró ọlọ. Ẹ̀gúsí ni. Ó yà mí lẹ́nu, nítorí pé kì í ṣe ọjọ́ ẹ̀gúsí. Mo jáde, mo bá Ìyá Àgbà nídìí ọlọ, òun nìkan. Abọ́ àná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọbẹ̀ inú rẹ̀ ti kan, ó ń hó wuruwuru. Ó lọ ẹ̀gúsí díẹ̀, ìwọ̀n ọwọ́ kan, ó fi iyọ̀ sí i, ó fi ata àti irú sí i. Lẹ́yìn náà ni ó na ọwọ́ sábẹ́ aṣọ rẹ̀, ó mú àlùbọ́sà kan jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e wẹ́wẹ́, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo la ẹnu.

"Pa ẹnu ẹ dé," ni ó wí, kò wo ojú mi. "Ata ló ń ta mí lójú."

Kì í ṣe ata. Ó ṣù ú fúnra rẹ̀, ó sè é nínú ìkòkò kékeré, ó jókòó tì í títí ó fi le, kò fi ṣíbí kàn án. Ó bù ú sínú abọ́ mìíràn tó mọ́, ó gbé e sínú agbọ̀n, ó fi ìborùn funfun rẹ̀ bo orí, ó ní kí n wẹ ẹsẹ̀ mi ká máa lọ. N kò béèrè ibi tí à ń lọ.

A fi ẹsẹ̀ rìn. Ní òpin Ìlobùú, àwọn ọkùnrin tó jókòó sábẹ́ igi dìde nígbà tí wọ́n rí wa. Ọ̀kan nínú wọn dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ìyá, níbo lẹ̀ ń lọ?" Ìyá Àgbà ní, "Mò ń gbé oúnjẹ lọ fún àna mi." Wọ́n wo ara wọn, wọ́n yà fún wa. A rìn lójú ọ̀nà tí kò sí ènìyàn kankan lórí rẹ̀, koríko ti bẹ̀rẹ̀ sí í hù létí rẹ̀, mo di etí aṣọ Ìyá Àgbà mú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ Ìfọ́n, àwọn ọkùnrin mìíràn jókòó sábẹ́ igi mìíràn, wọ́n sì dìde. Ọ̀kan nínú wọn dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ìyá, níbo lẹ̀ ń lọ?" Ìyá Àgbà ní, "Mò ń gbé oúnjẹ lọ fún àna mi." Àwọn náà yà fún wa. Ìgbà tí a kọjá wọn tán, a yà sílé Ìyá Ìfọ́n.

Ìyá Ìfọ́n wà lórí ẹní, ó gbé ẹsẹ̀ lé ìrọ̀rí. Nígbà tí ó rí wa, ó fẹ́ dìde, kò lè dìde. Mo kúnlẹ̀, ó fà mí mọ́ra, kò fẹ́ fi mí sílẹ̀.

"Àna mi, kí ló dé? Ṣé kò sí nǹkan o? Ọmọ mi ńkọ́?"

"Kí ló fẹ́ ṣe ọmọ yín? Ó wà nílé ọkọ ẹ̀," ni Ìyá Àgbà dáhùn, ó sì jókòó bí ẹni tí inú ń bí. "Sikirá ló ṣu kókó lé. Ó ní tiyín ni. Èmi ò lè máa tọ́jú nǹkan oní-nǹkan sílé. Ẹ gba nǹkan yín."

Ìyá Ìfọ́n ṣí abọ́ náà. Ó mú kókó náà, ó gé e jẹ, ó jẹ ẹ́ lẹ́nu díẹ̀, ó sì dúró. Ó wo èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ni ó gbé ojú sókè sí Ìyá Àgbà.

"Àlùbọ́sà wà nínú ẹ̀."

Ìyá Àgbà ń wo òrùlé. Ó ní, "Ọmọ yìí ló ṣèèṣì fi sí i. Mo ti bá a wí."

"Ṣé ìwọ ni, Sikirá?"

Mo wo ilẹ̀. N kò tíì purọ́ fún àgbàlagbà rí, àgbàlagbà kò sì tíì bẹ̀ mí láìsọ̀rọ̀ rí. Mo ní, "Èmi ni, mà."

Ìyá Ìfọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń fi etí ìró nu ojú, tí n kò sì mọ̀ mọ́ bóyá ẹ̀rín ni. Ó fa kókó tó kù sí méjì, ó na ìdajì sí Ìyá Àgbà. "Ẹ tọ́ ọ wò, àna mi, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ti ń pàdánù láti ọdún yìí wá." Ìyá Àgbà gbà á. Ó jẹ ẹ́. Ó gba omi lọ́wọ́ Ìyá Ìfọ́n, ó mu ún. Ó wá ní, "Kò burú."

Lójú ọ̀nà padà sílé, ó sọ fún mi pé, "Ohun tó o rí nídìí ọlọ láàárọ̀, ibẹ̀ ni kó wà. Ṣé o ti gbọ́?"

"Títí di ìgbà wo, mà?"

"Títí dìgbà tí mo bá ní kó o sọ ọ́." Mo ṣe ìlérí fún un.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ọ̀, nígbà tí àwọn ọkùnrin ti mọ́sálásí dé, Ìyá Àgbà dúró láàárín àgbàlá, ó pe Bàbá Múfú ní orúkọ tí ó sọ ọ́. Ó ní, "Ràṣídì, iṣu ẹ dùn mí. Ọmọ mi ni ọ́. Ṣùgbọ́n o ní o ò lè jẹun lọ́wọ́ ará Ìfọ́n. Èmi jẹun ní Ìfọ́n lánàá, mo sì mu omi wọn. Tó o bá ní kí ìyàwó Sùlè máa lọ, ó yá, àwa méjèèjì la jọ ń lọ. Wá bá mi di ẹrù mi." Kò pariwo rárá. Bàbá Múfú ṣí fìlà rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀ nínú aṣọ Jímọ̀ọ̀ funfun, ó ní, "Ẹ má bínú, Ìyá." Bàbá mi yí ojú sí ògiri. Mo mọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀.

Ìyá mi se ẹ̀gúsí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ìyá Àgbà ní kí n ṣu mẹ́wàá. Ó tún ní, "Níwọ̀n ìgbà tí ọmọ yìí ti bà á jẹ́, ẹ kúkú fi àlùbọ́sà sí i." Bàbá Múfú gba abọ́ lọ́wọ́ ìyá mi. Ó jẹ gbogbo ohun tó kù kí ó tó kan kókó, ó sì jẹ kókó náà níkẹyìn. Ó ní, "Ta ló fi àlùbọ́sà sí èyí?" Ìyá Àgbà nawọ́ sí mi, ó ní, "Alálùbọ́sà rèé." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ìyá mi náà rẹ́rìn-ín, bí orúkọ náà ṣe mọ́ mi lórí nìyẹn. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọ̀nà ṣí, Ìyá Ìfọ́n fi ọ̀pá rìn wá jẹ kókó rẹ̀. Kò sì sí ìgbà tí wọ́n fi ṣu kókó láìfi àlùbọ́sà sí i mọ́ nílé wa, èmi ni wọ́n sì ń dẹ́bi rẹ̀ fún.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà ti padà wá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láti ìgbà náà. Bí mo bá gbọ́ ọ, ara mi máa ń bù máṣọ. Ìyá mi kú sílé ọkọ rẹ̀, arúgbó ni, èmi àti Wàsíù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún gbogbo ọdún tí a fi rí i bá gbé. Òṣogbo ni mò ń gbé báyìí. Mo máa ń ṣu kókó bí àwọn ọmọ-ọmọ mi bá wá, mo máa ń gé àlùbọ́sà náà wẹ́wẹ́, ojú mi á sì máa ta mí. Nígbà tí Ìyá Àgbà wà lórí àìsàn ìkẹyìn, mo jókòó tì í lọ́jọ́ púpọ̀, mò ń retí kí ó sọ pé kí n sọ ọ́. Kò sọ ọ́. Ó kàn wò mí lọ́jọ́ kan, ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní, "Sikirá, ìwọ yẹn, o ò burú."

Ẹ forí jì mí, Ìyá Àgbà. Èmi kọ́ ni mo fi àlùbọ́sà sí i. Ẹ̀yin ni.